Ewé Kókò àti Omi Oníyọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

 

Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, àbá kan dé iwájú wa. Oníṣòwò kan kọ ìwé sí ẹgbẹ́ pé òun ní ẹ̀rọ tí ó lè sọ omi oníyọ̀ inú kànga wa di omi mímu, àti pé awọ kan tí ń kọ omi ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan nínú wa dìde pé kí a mú nínú owó ilé ìpàdé tí a ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́, kí a fi rà á. Àwọn mìíràn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ohun tí ó kọ omi, báwo ni yóò ṣe fún wa ní omi?” Ìgbìmọ̀ wá pàṣẹ fún wa, àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwé, pé kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà kí a tó tú àpò. Àbọ̀ iṣẹ́ tí a rán wa ni a ń jẹ́ lónìí.

Kí a tó sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná ní Èkó. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pète láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, tí wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú san owó rẹ̀, àwọn baba wa kọ̀ jálẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People’s Union sílẹ̀ ní ọdún náà, kí ohùn ìlú lè ṣọ̀kan. Ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé àwọn ní kànga nínú agbo ilé àwọn, àti pé àwọn òyìnbó ni ó nílò omi ẹ̀rọ náà jù. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjù ní ọdún 1910. Nígbà tí ó di ọdún 1916, tí ìjọba wá ń béèrè owó omi, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó wà lórí ìtẹ́ ní Ìga Ìdúngànràn, ìlú sì tún gbóná janjan.

A kò rántí èyí láti dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń jà fún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orí kànga ni wọ́n gbé ẹjọ́ wọn kà. Kànga ni ó jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún ìjọba pé, “A kò bẹ̀ yín.” Lónìí, ta ni nínú wa tí ó lè fi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó fọ́nnu? Láti Òfin dé Ìdúmàgbò, láti Ẹ̀bútè Èrò dé Òkè Pópó, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fi omi kànga fọ ilẹ̀ tí kò sì lè fi í se ọbẹ̀. Àwa tí omi yí ká ni a ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tí a sì ń ra omi inú ọ̀rá fún àwọn ọmọ wa láti mu.

Kí ni ó fa iyọ̀ inú kànga? Omi òjò tí ó bá rì sínú yanrìn erékùṣù wa kì í dà pọ̀ mọ́ omi òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ni ó máa ń léfòó lórí rẹ̀, bí epo ti ń léfòó lórí omi ọbẹ̀, nítorí pé omi òkun wúwo jù ú lọ: lítà 40 omi òkun wúwo tó lítà 41 omi òjò. Láti inú èyí ni àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ 1 ga ju òkun lọ, yóò jìn tó ẹsẹ̀ 40 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà: bí a bá fa omi títí tí ó fi lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ 1 péré lókè, omi iyọ̀ yóò gòkè ní ẹsẹ̀ 40 láti ìsàlẹ̀. Gbogbo kànga ẹ̀rọ tí a ń gbẹ́ láìwo ẹ̀yìn wò ń pe òkun wọlé ni. A sì ti fi sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀ tí òjò ìbá gbà wọlé. Ọ̀sà pàápàá kò dúró sójú kan: ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa da omi dídùn sínú rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a máa ti ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi wọlé, iyọ̀ a sì pọ̀ sí i.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo awọ tí ń kọ omi. A ṣe ìdánwò mẹ́ta fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, kò sì sí èyí tí ẹ kò lè ṣe nílé yín.

Èkíní: a bu iyọ̀ sínú omi, a gbé e kaná, a sì dé ìkòkò náà. Nígbà tí ó hó, a ṣí ìdérí, a sì ní kí àwọn ọmọ tọ́ ẹ̀kán omi tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ wò. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ooru omi, èyí tí a ń rí bí èéfín nígbà tí a bá ṣí ìkòkò, kì í gbé iyọ̀ dání. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni iyọ̀ ń dúró sí. Àwọn awakọ̀ òkun ti mọ èyí láti ayébáyé.

Èkejì: a já ewé kókò, a sì kán omi sí i lórí. Omi náà ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, nígbà tí a sì fi ewé náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi bọ́ sílẹ̀, ewé sì gbẹ bí ẹni pé òjò kò rọ̀ rí. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ewéko ní Jámánì, tí Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, fi hàn pé irú ewé báyìí ní òkè wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, tí ìda sì bò wọ́n. Omi kò rí ibi tẹ̀ mọ́ lára rẹ̀, nítorí náà ó di ara rẹ̀ mú.

Ẹ so ìdánwò méjèèjì pọ̀, ẹ ti ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wo àpótí pẹlẹbẹ kan tí a fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín sí iyàrá méjì. Omi oníyọ̀ tí a mú gbóná, bí ìwọ̀n 60 tàbí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ń ṣàn kọjá ní iyàrá kìn-ín-ní; omi tútù ń ṣàn ní èkejì. Awọ náà kún fún ihò wẹ́wẹ́. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 5,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìbú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé awọ náà kọ omi bí ewé kókò ti kọ̀ ọ́, omi kò lè wọ inú ihò náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀. Ooru rẹ̀ nìkan ni ó ń rí ọ̀nà kọjá. Bí ooru náà bá dé ìhà kejì tí ó tutù, ó tún di omi, bí ti abẹ́ ìdérí ìkòkò. Iyọ̀ kò lè tẹ̀ lé e. Nínú iyọ̀ 100, èyí tí ń kọjá kò tó 1.

Ohun tí ń ti ooru omi kọjá ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbígbóná àti títutù. Agbára tí ooru fi ń jáde láti inú omi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 60 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti omi tí ó wà ní ìwọ̀n 30. Kò di ìgbà tí omi bá hó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rí ìdáhùn yín: kíkọ̀ tí awọ náà kọ omi gan-an ni ó jẹ́ kí ó lè fún wa ní omi. Bí ó bá gba omi wọlé, yóò gba iyọ̀ wọlé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1963, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Bodell ti béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1967, Findley tẹ àbájáde ìdánwò tirẹ̀ jáde. Ohun tí ó fà á sẹ́yìn ni pé awọ tí ó dára kò tíì sí. Teflon, ohun tí a fi ń tẹ́ inú páànù ìdín-ǹkan kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ni Roy Plunkett ṣàdédé bá pàdé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n ọdún 1969 ni Robert Gore tó mọ ọ̀nà tí a fi lè nà án kí ó sì ní ihò wẹ́wẹ́. Irú awọ bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí a ń lò nínú iṣẹ́ yìí títí di òní.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí a kò ní rà á lónìí? Ọ̀rọ̀ ìnáwó ni kí a kọ́kọ́ wò. Láti sọ lítà 1 omi di ooru, a óò ná ìgbóná tí ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì iná mànàmáná. Ìyẹn ni pé lítà 1,000 yóò gba bí yúníìtì 650, àfi bí a bá ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó máa lo ìgbóná kan náà léraléra. Ọ̀nà kejì wà, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé: ẹ̀rọ a máa fi agbára ńlá ti omi òkun gba inú awọ mìíràn tí kò kọ omi, bí yúníìtì 3 tàbí 4 ni ó sì ń ná lórí lítà 1,000. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Ghana gbé kalẹ̀ ní Teshie-Nungua lẹ́bàá Accra ní ọdún 2015, láti máa pèsè lítà mílíọ̀nù 60 lójúmọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 2018 bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ti dúró níbẹ̀ fún ìgbà kan nítorí àríyànjiyàn lórí iye owó omi náà. Ẹ̀rọ lè dára kí owó rẹ̀ má dára.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ìgbóná láti fi ṣiṣẹ́ awọ tí ń kọ omi ti pàdánù. Ẹni tí ìgbóná ń ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ronú rẹ̀. Ní oṣù February ọdún 2014, irú ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Gulhi, ní orílẹ̀-èdè Maldives nínú Òkun Íńdíà, láti máa ṣe lítà 10,000 lójúmọ́, èyí tí ó tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 400. Kò sí ẹni tí ó ra ìgbóná fún un. Jẹnẹrétọ̀ tí ń fún erékùṣù náà ní iná ni ìgbóná ti wá, èyí tí ìbá kàn ṣòfò.

Ẹ̀yin ará Èkó, ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín pé a ní jẹnẹrétọ̀? Ẹ rìn láti Marina dé Broad Street, kí ẹ sì yà sí Balógun àti Ìdúmọ̀tà, kí ẹ wo àwọn jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ń mu dísù, tí omi inú ráyétọ̀ wọn ń gbóná tó ìwọ̀n 80. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń da ìgbóná yúníìtì 65 nù láti inú omi ráyétọ̀ rẹ̀ ní wákàtí kan, tí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sínú iṣẹ́ yìí, omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni ìbá fún wa ní wákàtí náà. Díẹ̀ yóò sọnù lójú ọ̀nà, a kò tan ara wa jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣòfò ni a ṣírò yẹn. Oòrùn Èkó náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń fi owó iná rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ìdánwò kẹta ni ó kù, òun sì ni a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. A tún mú ewé kókò náà. A kán omi mímọ́ sí i, ó yí gbirigbiri. A wá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, a sì kán an sí ewé kan náà. Omi náà kò ṣù mọ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lẹ̀ mọ́ ewé, ewé sì rin. Ọmọ kan ní kíláàsì wa kígbe pé, “Olùkọ́, ewé náà ti gbàgbé ara rẹ̀!” Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò fi wá lọ́kàn sílẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ọṣẹ ṣe sí ewé kókò náà ni ó ń ṣe sí awọ inú ẹ̀rọ. Ọṣẹ a máa tú okùn tí omi fi di ara rẹ̀ mú, omi a sì rí àyè wọ inú ihò. Bí ihò bá ti rin, omi oníyọ̀ a gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ a sì máa pọn iyọ̀ fún wa ní owó gọbọi. Epo náà ń ba awọ yìí jẹ́, nítorí pé awọ tí ó kọ omi kì í sábà kọ epo. Àwọn onímọ̀ ń wá awọ tí yóò kọ méjèèjì, wọ́n sì ti ń rí díẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ẹ wá wo kànga wa. Níbo ni omi ìfọṣọ wa ń lọ? Níbo ni omi ìwẹ̀ wa ń rì sí? Ẹsẹ̀ mélòó ni ó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga nínú agbo ilé wa? Epo dúdú tí a tú sílẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀, ta ni kò dà á sí gọ́tà rí? Ohun kan sì burú ju ọṣẹ lọ: bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì tí ó bá jò sínú ilẹ̀ a máa di ooru gẹ́gẹ́ bí omi. Awọ tí kò jẹ́ kí iyọ̀ kọjá lè jẹ́ kí ooru bẹntiróòlù kọjá. Òkun ni ó fi iyọ̀ sínú kànga wa, ẹ̀rọ sì lè mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa ni a fi da ọṣẹ àti epo sí i, ìyẹn sì ni ohun tí ó lè sọ ẹ̀rọ náà di ìdọ̀tí lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Nítorí náà, Ọlọ́lá Alága, ìmọ̀ràn tí a mú wá nìyí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe tú owó ilé ìpàdé fún ẹ̀rọ yìí ní ọdún yìí. Kí a kọ̀wé sí oníṣòwò náà, kí ó dá wa lóhùn ìbéèrè mẹ́rin: níbo ni ìgbóná yóò ti wá? Báwo ni awọ yóò ṣe pẹ́ tó nínú omi kànga tiwa gan-an, kì í ṣe nínú omi iyọ̀ tí a pò ní ilé ìdánwò? Ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, ní èló? Níbo ni a óò da omi iyọ̀ kíkan tí ó ṣẹ́kù sí, tí kò ní padà sínú kànga ẹlòmíràn?

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti yẹ omi kànga agbo ilé wa wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà òjò, kí a mọ iyọ̀, ọṣẹ àti epo tí ó wà nínú rẹ̀. A kì í ra oògùn fún àrùn tí a kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù baálé ṣe òfin nínú agbo ilé rẹ̀ pé omi ọṣẹ àti epo kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun sì ni yóò pinnu bóyá ẹ̀rọ kankan yóò wúlò fún wa lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London, ní Houston àti ní ibòmíràn, tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ kẹ́mísírì, ọ̀rọ̀ kàn yín. Awọ tí yóò fara da omi Ìsàlẹ̀ Èkó ni kí ẹ bá wa wá. Kò sí ẹni tí ó mọ omi náà jù yín lọ, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ yín.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré gba ẹ̀tọ́ ńlá lọ́wọ́ wa. Omi Ìjù, àti ti Adiyan tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1991 láti máa pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, fún gbogbo ará Èkó ni. Kí akọ̀wé wa máa kọ̀wé, kí a má ṣe dákẹ́, títí omi ẹ̀rọ yóò fi máa yọ ní ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀nà tuntun dí ti àtijọ́.

Ní ọdún 1908, àwọn baba wa lè kọ omi ìjọba nítorí pé wọ́n ní kànga tí ó mọ́. A ti ná ogún náà tán. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí a bá tọ́jú kànga wa láti òní lọ, nígbà tí ọgbọ́n awọ yìí bá gbó tán, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, yóò bá wa ní omi tí ó ṣeé tún ṣe. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò dé, omi yóò wà, a ó sì tún máa na ọwọ́ sí mẹ́ruwà.

 Kí Èkó kí ó máa tòrò, kí omi wa má ṣe di ọ̀tá wa.